Àlòkù, Àtúnṣe, Àtúnrọ: Ohun Tí Ó Kù Nínú Ohun Tí A Ti Lò Gbó

Ó lè ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí ẹ́ńjìnnì, táyà àti bátìrì. Èsì mi kò gùn. Orúkọ ni a fi ń ya nǹkan kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì rẹ̀. Níbi tí orúkọ kan ṣoṣo bá ti ń ru ẹrù nǹkan mẹ́rin, oníbàárà a máa san owó ọ̀kan, a sì gbé òmíràn lọ sílé. Nígbà tí ó bá fẹ́ ṣàròyé, kò ní rí ohun tí yóò wí, nítorí pé orúkọ tí òun àti ọlọ́jà jọ pe ohun náà kò parọ́. Bí ọ̀rọ̀ ohun tí à ń pè ní àlòkù ṣe rí láàárín wa nìyẹn. Owó ń bá a lọ. Ẹ̀mí pẹ̀lú ń bá a lọ, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i níwájú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tú ẹrù náà sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá lo nǹkan, tí ó sì fi í fún ẹlòmíràn tàbí tí ó tà á fún un, tí ẹni náà sì ń lò ó bí ó ti bá a, àlòkù gan-an ni èyí, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Bí nǹkan bá bàjẹ́ níbì kan, tí a wá ibẹ̀ mú ṣe, tí a kò sì fọwọ́ kan ibi yòókù, àtúnṣe ni. Bí a bá fọ́ nǹkan náà, tí a yọ́ ọ nínú iná kí a lè rí irin tàbí bàbà tàbí ike ara rẹ̀ lò fún ohun mìíràn, n óò pe èyí ní àtúnyọ́. Ohun náà fúnra rẹ̀ ti kú, ara rẹ̀ nìkan ni ó kù. Ẹ̀kẹrin ni ó gbé mi wá síhìn-ín. A tú ohun tí ó ti gbó palẹ̀ títí dé ẹyọ tí ó kéré jù lọ. A fọ gbogbo rẹ̀. A yẹ ẹyọ kọ̀ọ̀kan wò. A sọ èyí tí kò wúlò mọ́ nù, a sì mú èyí tí ó ṣeé mú bọ̀ sípò bọ̀ sípò. A tún un tò. A dán an wò bí a ti ń dán tuntun wò. Ẹni tí ó ṣe é sì fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún un. Ìwọ̀nyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní ọdún 2009, wọ́n tẹ ìlànà kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, BS 8887-2 ni wọ́n pè é, tí ó túmọ̀ irú iṣẹ́ yìí: ohun tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ tó bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ó wà ní tuntun, ó kéré tán, ìfọwọ́sọ̀yà tí a ó sì fún ẹni tí ó rà á gbọ́dọ̀ bá ti tuntun dọ́gba tàbí kí ó jù ú lọ.

Ẹ fi ọkàn sí ìdajì kejì gbólóhùn yẹn. Ìdajì àkọ́kọ́, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ìdajì kejì, ọ̀rọ̀ ni. Ìlérí ni ó wà níbẹ̀, láàárín ẹni tí ó tà àti ẹni tí ó rà. Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ni ó wọ́n wa, kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́.

Orúkọ tí mo fi ń pe ẹ̀kẹrin yìí ni àtúnrọ. Mo mú un láti inú àgbẹ̀dẹ, kì í sì í ṣe nítorí pé ó dùn létí. Bí ọkọ́ àgbẹ̀ bá jẹ títí tí ojú rẹ̀ fi kúrú, alágbẹ̀dẹ kì í sọ ọ́ sórí ààtàn. Yóò kì í bọ iná, yóò fi irin tuntun kún ojú rẹ̀, yóò lù ú títí tí àtijọ́ àti tuntun yóò fi di ọ̀kan, yóò sì dá a padà fún olóko ní ọkọ́ tí ó ṣeé fi kọ ebè bí ti ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ rà á. Ọkọ́ ni ó wọ àgbẹ̀dẹ, ọkọ́ ni ó jáde. Ṣùgbọ́n bí alágbẹ̀dẹ kan náà bá mú irin pẹlẹbẹ tí ó máa ń wà lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù, tí ó gé e, tí ó sì fi í rọ àdá, iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí à ń wí. Irin ọkọ̀ ti parẹ́, àdá ti dé. Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ ní ilẹ̀ wa. Ẹni tí ó bá ti rí ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n to àwọn èérún ìkòkò ní ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ẹni hun ẹní, yóò mọ̀ pé láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ni àwọn baba wa ti mọ̀ pé ohun tí ó fọ́ kò tíì parí. Síbẹ̀, ìkòkò tí ó di ilẹ̀pa ẹsẹ̀ kò ní se ọbẹ̀ mọ́. Àtúnrọ kò gbà kí ohun náà yí iṣẹ́ rẹ̀ padà.

Níbo wá ni iṣẹ́ yìí ti ń ṣẹlẹ̀, báwo ni wọ́n sì ti ń ṣe é? Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ́ńjìnnì dísù ọkọ̀ akẹ́rù kan, kí a tẹ̀ lé e wọ inú ilé-iṣẹ́. Nígbà tí ó bá dé, òkú ẹ́ńjìnnì ni. Ó ń tú èéfín dúdú, ó ń jẹ epo, kò ní agbára mọ́. Wọ́n á fa epo inú rẹ̀ dànù, wọ́n á tú gbogbo rẹ̀, wọn kò sì ní da ẹ̀yà tirẹ̀ pọ̀ kí ó lè padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ti ọgọ́rùn-ún ẹ́ńjìnnì irú kan náà ni wọ́n ń kó jọ, orí síbi orí, písítìnnì síbi písítìnnì. Níhìn-ín ni àtúnrọ ti kọ́kọ́ yà kúrò lára àtúnṣe. Ẹni tí ó gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ fún mẹkáníìkì, ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ ni yóò gbà padà. Ẹni tí ó gbé e lọ síbi àtúnrọ, ẹ́ńjìnnì kan ni ó fi sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì mìíràn ni yóò gbé lọ, kò sì sí ẹni tí yóò lè sọ pé ti ta ni ẹyọ irin kan nínú rẹ̀ jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ìtúpalẹ̀ ni fífọ̀. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yìí lè rò pé fífọ̀ kò já mọ́ nǹkan, ṣùgbọ́n ojú kò lè rí ibi tí ó sán lára irin tí èédú àti epo bò. Nígbà tí ó bá mọ́ tán ni àyẹ̀wò tó bẹ̀rẹ̀. Fún irin gígùn tí ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní kíráńkì, ọgbọ́n kan wà tí ó wù mí púpọ̀. Wọ́n á sọ irin náà di òòfà, wọ́n á sì da lẹ́búlẹ́bú irin sí i lára. Bí ara rẹ̀ bá dá ṣáká, lẹ́búlẹ́bú yẹn kò ní jókòó síbì kan. Ṣùgbọ́n bí ibì kan bá wà tí ó sán, bí ó tilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó òwú aláǹtakùn, ibẹ̀ ni lẹ́búlẹ́bú náà yóò tò sí, tí yóò fa ìlà gbọọrọ fún gbogbo ojú láti rí. Irin tí ó bá ti fi irú ìlà bẹ́ẹ̀ hàn, ọ̀nà àtúnyọ́ ni ó kàn.

Èyí tí ó bá yege ni wọn yóò mú bọ̀ sípò. Ojú ihò tí písítìnnì ti ń lọ sókè sódò a máa jẹ lọ́nà tí kò dọ́gba, tí ohun tí ó rí róbótó tẹ́lẹ̀ yóò fi máa dà bí ẹyin díẹ̀. Wọ́n á gbẹ́ ẹ kí ó tún rí róbótó, ìyẹn ni pé yóò fẹ̀ jù ti tẹ́lẹ̀ lọ díẹ̀, wọ́n á sì fi písítìnnì tí ó sanra jù ti àkọ́kọ́ lọ sí i. Tàbí kí wọ́n fi awẹ́ irin tuntun wọ inú ihò náà bí ẹni wọ ẹ̀wù sọ́rùn, kí ó lè padà sí ìwọ̀n àtètèkọ́ṣe. Wọ́n á lọ kíráńkì náà títí tí yóò fi dán, ìdá mẹ́rin mílímítà kan, tàbí ìdajì rẹ̀, ni ó sábà máa ń kúrò lára rẹ̀. Bẹ́ríìnì tí ó nípọn jù ti tẹ́lẹ̀ ni yóò sì dí àlàfo náà. Àwọn ẹ̀yà kan wà tí wọn kì í tilẹ̀ yẹ̀ wò rárá, tuntun ni wọ́n ń fi sí i nígbà gbogbo: ríìngì, gáskẹ́ẹ̀tì, bẹ́ríìnì, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí epo jò. Lẹ́yìn èyí ni títò, àti lẹ́yìn títò, ìdánwò. Wọ́n á gbé ẹ́ńjìnnì náà sórí àga ìdánwò, wọ́n á tan án, wọ́n á di ẹrù lé e, wọ́n á sì wọn agbára rẹ̀ àti epo tí ó ń jẹ. Èyí tí kò bá dé ojú ìwọ̀n kò ní jáde. Èyí tí ó bá dé e, wọ́n á lẹ nọ́mbà tuntun mọ́ ọn lára, wọ́n á sì kọ ìwé ìfọwọ́sọ̀yà rẹ̀.

Ó yẹ kí ẹnì kan béèrè lọ́wọ́ mi pé, kí ni ìdí gbogbo wàhálà yìí? Kí ló dé tí wọn kò kúkú yọ́ irin náà kí wọ́n fi rọ tuntun? Ìdáhùn wà nínú ohun tí a fi owó wa rà nígbà tí a ra ẹ́ńjìnnì. Irin inú rẹ̀ kò ju díẹ̀ lọ nínú owó náà. Èyí tí ó pọ̀ jù ni iṣẹ́: iná tí ó yọ́ irin, ọwọ́ tí ó dà á sínú àwo, ẹ̀rọ tí ó gbẹ́ ẹ, ọpọlọ tí ó ṣírò bí yóò ti rí. Bí a bá yọ́ ẹ́ńjìnnì, owó irin, èyí tí wọ́n fi kílò wọ̀n, ni yóò padà sọ́wọ́ wa. Gbogbo iṣẹ́ inú rẹ̀ ti bá èéfín lọ. Àtúnrọ ń pa iṣẹ́ náà mọ́. N kò fi èyí bú àtúnyọ́ o. Alumíníọ̀mù tí a yọ́ láti inú àlòkù kì í gbà ju nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún agbára iná tí a nílò láti fa tuntun yọ láti inú òkúta, àwọn tí ń da ìkòkò alumíníọ̀mù ní ìlú wa sì ń jẹ èrè yìí lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá ṣì lè jẹ́ ara rẹ̀, àṣedànù ni kí a sọ ọ́ di erùpẹ̀.

Ìtàn iṣẹ́ náà kò gùn púpọ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè, n kò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ogun àgbáyé kejì ni ó fún un ní agbára: àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjú sí ohun ìjà, ọkọ̀ tuntun kò sí fún ará ìlú, èyí tí ó wà ni a gbọ́dọ̀ mú pẹ́ láyé. Ní ọdún 1949 ni Renault bẹ̀rẹ̀ sí í tún ẹ́ńjìnnì rọ ní Choisy-le-Roi, nítòsí Paris. Ní ọdún 1973 ni Caterpillar, àwọn tí ń ṣe katapílà tí a fi ń la ọ̀nà, bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ọgbọ́n kan tí irú àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń lò yẹ ní mímọ̀. Bí o bá fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì àtúnrọ, wọ́n á fi owó ìdógò lé iye rẹ̀; ọjọ́ tí o bá gbé òkú ẹ́ńjìnnì tìrẹ dé, wọ́n á dá ìdógò náà padà fún ọ. Nítorí náà, òkú ẹ́ńjìnnì kì í ṣe pàǹtí lójú ẹnikẹ́ni nínú wọn; owó ni, ó sì mọ ọ̀nà ilé.

Ní àárín àwọn ọdún 1980, Robert Lund, olùwádìí ará Amẹ́ríkà, kọ ìwé kan fún Báńkì Àgbáyé lórí iṣẹ́ yìí, ó sì wo ohun tí ó lè ṣe fún àwọn orílẹ̀-èdè tí ń gòkè àgbà. Ó rí i pé ọwọ́ ènìyàn ni iṣẹ́ náà ń fẹ́ ju ẹ̀rọ olówó gọbọi lọ, nítorí pé kò sí òkú ẹ́ńjìnnì méjì tí ó bàjẹ́ bákan náà. Ojú àti òye ni a fi ń dá wọn mọ̀. Ìlú tí ọwọ́ ti pọ̀, tí owó ti wọ́n, irú iṣẹ́ yìí yẹ ẹ́. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ àpèjúwe yìí tí kò ní rántí ìlú wa.

Bí ẹ bá sì wọ ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin, tàbí ọjà Aráròmí ní Agodi Gate níbí ní Ìbàdàn, ẹ ó rí i pé ọwọ́ kò wọ́n wa lóòótọ́. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gbẹ́ ojú sìlíńdà, tí wọ́n ń lọ kíráńkì. Àwọn kan ń tú wáyà bàbà tí ó ti jóná kúrò nínú ẹ̀rọ omi, wọ́n ń ka iye ìgbà tí ó yí, wọ́n sì ń wé tuntun sí i ní iye kan náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò kọ́ iṣẹ́ wọn nínú ìwé. Lẹ́sẹ̀ ọ̀gá ni wọ́n ti kọ́ ọ, títí di ọjọ́ ìgbòmìnira. Bí a bá fi ohun tí mo ti ṣàpèjúwe wé tiwọn, ìpele mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú márùn-ún ni wọ́n ń ṣe dáadáa. Kí wá ni ó kù?

Ó ku ìtàn ohun náà, ó sì ku ìfọwọ́sọ̀yà. Ní ti ìtàn, ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ tí à ń lò. Orúkọ ọmọ ni Tòkunbọ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun, tí àwọn òbí rẹ̀ sì gbé wálé, ni à ń sọ bẹ́ẹ̀, ìdùnnú sì wà nínú orúkọ náà, nítorí pé ọmọ wa ni, ilé rẹ̀ ni ó padà sí. Lẹ́yìn ọdún 1986, nígbà tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú tí apá àwọn òṣìṣẹ́ kò sì ká ọkọ̀ tuntun mọ́, ọkọ̀ àlòkù láti Yúróòpù ya wọlé, a sì fún un ní orúkọ ọmọ yìí. Àwọn kan pe àwọn ọjà náà ní Bẹ́líjíọ̀mù, láti inú orúkọ ìlú tí púpọ̀ nínú wọn ti wá. Ọ̀gbọ́n ẹ̀dá-orúkọ ni, mo sì gbóríyìn fún ẹni tí ó kọ́kọ́ ronú kàn án. Ṣùgbọ́n orúkọ rere ti bo ìbéèrè mọ́lẹ̀. Ọmọ tí ó tòkun bọ̀, a mọ bàbá rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí ó tòkun bọ̀, ta ni ó mọ iye ọdún tí ó fi ṣiṣẹ́, tàbí ohun tí ó mú kí ẹni tí ó ni ín jọ̀wọ́ rẹ̀? Àlòkù ni ó jẹ́, kò sí ẹni tí ó tú u wò. Owó tí ó súnmọ́ ti àtúnrọ ni a sì máa ń san lé e.

Ní ti ìfọwọ́sọ̀yà, ọlọ́jà a tan ẹ́ńjìnnì náà lójú yín, yóò dún, ẹ ó sì gbé e lọ. Bí ó bá kú ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìwọ àti orí rẹ ni. N kò sọ pé olè ni àwọn ọlọ́jà wa. Àwọn tí wọ́n ní oníbàárà pípẹ́ a máa gba ọjà padà nítorí orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n àánú ni ìyẹn, kì í ṣe ẹ̀tọ́, ẹni tí kò sì mọ ẹnikẹ́ni lọ́jà kò lè rí i gbà.

Táyà ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ ewu tí ó wà nínú àìmọ̀yàtọ̀ yìí, nítorí pé kò sí ibi tí ó ti hàn kedere tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti wọ bàálù. Nígbà tí bàálù bá balẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ han ilẹ̀ tí ó sì rú èéfín, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé táyà àtúnrọ ni ó gbé yín sọ̀kalẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù a máa dá táyà tí ojú rẹ̀ ti jẹ padà sí ilé-iṣẹ́ àtúnrọ, wọ́n á ha rọ́bà òkè rẹ̀ kúrò, wọ́n á yẹ ara rẹ̀ wò nínú àti lóde, wọ́n á sì fi iná sun rọ́bà tuntun mọ́ ọn. Táyà kan lè gba èyí ní ọ̀pọ̀ ìgbà kí wọ́n tó sọ pé ó tó. Kò sí ẹni tí ẹ̀rù ń bà, nítorí pé gbogbo ìgbà tí ó balẹ̀ ni wọ́n kọ sílẹ̀.

Ẹ wá wo ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ní Yúróòpù, bí ojú táyà ọkọ̀ kékeré bá jẹ tí ó ku mílímítà 1.6, òfin ní kí wọ́n yọ ọ́. Púpọ̀ nínú irú táyà bẹ́ẹ̀, tàbí èyí tí ó kù díẹ̀ kí ó dé ibẹ̀, ni à ń rà ní àlòkù. Ewu rẹ̀ kò sì sí ní ojú rẹ̀ nìkan. Rọ́bà a máa darúgbó, bí wọn kò tilẹ̀ lò ó. Oòrùn àti atẹ́gùn á mú un le, á bẹ̀rẹ̀ sí í sán láti inú, ojú rẹ̀ yóò sì máa dán bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí ẹ lè lò ní ọ̀la. Lára gbogbo táyà, ní ẹ̀gbẹ́, ẹ ó rí àwọn lẹ́tà DOT àti òǹkà lẹ́yìn rẹ̀. Nọ́mbà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn ni ọjọ́ ìbí rẹ̀: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì kejì ni ọdún. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ẹni tí ó bá ń ta táyà tí ó sì ti ha nọ́mbà yìí kúrò, ó ti sọ ohun tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ fún yín. Táyà bàálù àti táyà yìí, àlòkù ni àwa ń pe àwọn méjèèjì.

Ibì kan wà tí kò sí àtúnrọ mọ́, tí àtúnyọ́ nìkan ni ó kù, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì ti le jù. Bátìrì ọkọ̀ ni mo ní lọ́kàn. Òjé ni ó wà nínú rẹ̀, òjé sì ṣeé yọ́ lò léraléra. Nínú ilé-iṣẹ́ tí ó ní ihò èéfín tí ó dára àti ẹ̀rọ tí ń sẹ́ eruku, kò sí ohun tí a lè dá pàdà sí ìlò dáadáa jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi àáké la bátìrì nínú ọgbà, tí ó da omi kíkan inú rẹ̀ sílẹ̀, tí ó sì yọ́ òjé lórí iná gbangba, májèlé ni ó ń fọ́n. Òjé kì í jẹrà. Ó ń wà nínú iyẹ̀pẹ̀, ọmọdé sì ni iyẹ̀pẹ̀ ń bá ṣeré. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà, láàárín oṣù kọkànlá ọdún 2007 àti oṣù kẹta ọdún 2008, ọmọdé 18 kú ní àdúgbò kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Àwọn ìyá tí wọ́n ń ku iyẹ̀pẹ̀ náà láti ṣa òjé inú rẹ̀ tà kò mọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn náà ń tún nǹkan lò. Ọ̀rọ̀ ìyìn kan náà tí a lè lò fún Choisy-le-Roi ni a lè lò fún wọn, bí a kò bá ní ọ̀rọ̀ ju ẹyọ kan lọ.

Ti ẹ̀rọ iná mànàmáná kò jìnnà sí èyí. Àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ibùdó Àdéhùn Basel fún Áfíríkà, tí ó wà níbí ní Ìbàdàn, wo ohun tí ó ń gba èbúté Èkó wọlé ní ọdún 2015 àti 2016. Nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ àlòkù ni ó ń wọlé lọ́dún kan, tẹlifíṣọ̀n, fíríìjì, kọ̀ǹpútà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, tí púpọ̀ nínú wọn sì wà nínú ikùn ọkọ̀ tọ́kunbọ̀. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́ mọ́ kí ó tó dé. Ìdá mẹ́ta tí ó ṣiṣẹ́ ni àwọn ọmọ Alábà fi ń sọ ilé ọ̀pọ̀ tálákà di ilé tí ó ní fíríìjì, n kò sì ní dára pọ̀ mọ́ àwọn tí ń sọ pé kí a ti ilẹ̀kùn náà pa. Ìdá kan tí ó kù ni ó ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọkùnrin tí ń sun wáyà kí wọ́n lè rí bàbà inú rẹ̀, tí wọ́n ń fa èéfín ike símú.

Òfin kò wọ́n wa níhìn-ín. Láti ìgbà tí wọ́n ti kó májèlé láti Ítálì wá dà sí Kókó, ní ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà, ní ọdún 1988, ni ìjọba Nàìjíríà ti lajú sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún kejì, 1989, ni àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí Àdéhùn Basel tí ó ń ṣọ́ bí a ti ń kó ohun olóró kọjá ibodè. Ní ọdún 2011, ìjọba wa gbé òfin jáde lórí ẹ̀rọ iná mànàmáná, tí ó sì fi ẹrù ìkẹyìn ọjà lé àwọn tí ń ṣe é àti àwọn tí ń kó o wọlé lórí. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, Àdéhùn Basel béèrè pé kí orílẹ̀-èdè tí a ń kó pàǹtí ẹ̀rọ iná lọ kọ́kọ́ gbà kí wọ́n tó kó o, ìbáà jẹ́ olóró, ìbáà máà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí òfin wọ̀nyí fi lé òṣìṣẹ́ ibodè lọ́wọ́, ìbéèrè orúkọ náà ni: ohun tí ó wà nínú àpótí yìí, àlòkù ni tàbí pàǹtí? Ẹni tí ó kó o dé yóò ní àlòkù ni. Ojú lásán kò lè dá a mọ̀. Àfi kí a tan án wò. Bí a bá tilẹ̀ fi ẹyọ ìlànà kan lélẹ̀, pé ohun tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ tà gẹ́gẹ́ bí àtúnrọ gbọ́dọ̀ ní orúkọ ẹni tí ó tún un rọ lára, ọjọ́ tí ó tún un rọ, àti iye oṣù tí ó fi dúró fún un, àwọn ọ̀gá Ládípọ̀ tí iṣẹ́ wọn dá wọn lójú ni yóò kọ́kọ́ jẹ èrè rẹ̀, nítorí pé owó àtúnrọ ni wọn yóò máa gbà, kì í ṣe owó àlòkù.

Ó ku ibi tí ọwọ́ wa kò tó, ìyẹn ni ọ̀dọ̀ ẹni tí ó kọ́kọ́ ya àwòrán ohun náà. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ṣeé tún rọ nítorí pé bóòtù ni wọ́n fi dè é. Ohun tí a fi bóòtù dè, a lè fi sípánà tú u. Fóònù òde òní, àtè ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Bátìrì inú rẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ kú, òun ni ó sì ṣòro jù lọ láti yọ. Àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin bátìrì kan ní ọdún 2023: láti ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kejì ọdún 2027, bátìrì inú irú ohun èlò kéékèèké bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹni tí ó ni ín lè yọ fúnra rẹ̀ kí ó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀ tí òfin náà yọ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n bá ṣe lábẹ́ òfin yìí yóò dé Ìkẹjà àti Alábà ní àlòkù lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ní ti èyí tí ó wà níbẹ̀ báyìí, atẹ́gùn gbígbóná ni àwọn ọmọ iṣẹ́ fi ń yọ́ àtè ẹ̀yìn rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kí gíláàsì má baà fọ́.